Kí Ẹ Tó Fa Íntánẹ́ẹ̀tì Wọlé ní Òṣogbo: Ohun Tí Mo Máa Ń Sọ fún Ẹni Tó Bá Fẹ́ Sanwó

Ìyá kan ní Ògo-Olúwa pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, ohùn wọn ń gbọ̀n. Wọ́n ní àwọn sanwó íntánẹ́ẹ̀tì 20, 2.5 ni kọ̀ǹpútà ọmọ àwọn ń kà, kí n wá sọ ibi tí 17.5 tó kù wọlé sí. Mo gun ọ̀kadà, mo lọ. Kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan. Mégábíìtì tó ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni ilé iṣẹ́ fi ń ta ọjà, mégábáìtì ni kọ̀ǹpútà fi ń ka ohun tó ń wọlé, bíìtì mẹ́jọ ló sì wà nínú báìtì kan. Ó dà bí ẹni tí wọ́n fi ife wọn gààrí fún lọ́jà, tó wá ń fi agolo ńlá kà á nílé. Ẹ pín 20 sí ọ̀nà 8, 2.5 ni yóò bọ́ sí yín lọ́wọ́. Fíìmù tó tó gígábáìtì kan yóò lò tó ìṣẹ́jú méje kó tó wọlé tán. Ohun tí ìyá rà gan-an ni wọ́n gbà, ṣùgbọ́n ẹni tó tà á fún wọn kò ṣàlàyé, èmi tí mo gun òrùlé wọn náà kò sì ṣàlàyé. Ó dùn mí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti máa ń jókòó ti oníbàárà kí n tó gbé àkàbà.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ fífa íntánẹ́ẹ̀tì wọlé yìí. Ilé iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ bá ṣe é máa ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé láàárín wákàtí 48 ni a ó fà á wọlé. Àwọn tó ń tajà ló ń sọ ọ́, àwa tó ń ṣiṣẹ́ la sì ń lọ fojú kan oníbàárà ní ọjọ́ kẹsàn-án, nítorí wáyà kò tíì dé láti Èkó. Ẹ bi wọ́n pé ṣé gbogbo ohun èlò wà ní Òṣogbo nísinsìnyí. Bí wọ́n bá ń kólòlò, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan kún iye ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá wo ilé

Ẹ má sanwó kí ẹnì kan tó fi ojú ara rẹ̀ rí òrùlé yín. Ẹni tó ní òun ti wò ó lórí máàpù kò tíì wò ó. Bó bá jẹ́ rédíò orí òrùlé ni, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì láti òpó, kì í ṣe rédíò tí a fi ń gbọ́ ìròyìn, rédíò yẹn ní láti máa rí òpó ilé iṣẹ́ náà ní ojúkojú, kí ilé alájà tàbí igi ńlá má dí i. Ìlú wa kò tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹni tó wà lórí òkè lè rí òpó tó jìnnà, kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ lọ́nà odò Ọ̀ṣun má sì rí èyí tó wà nítòsí rẹ̀.

Oṣù kìíní ni mo gbé rédíò sórí ilé olùkọ́ kan lọ́nà Ẹdẹ. Igi tíìkì mẹ́ta wà níwájú ilé náà. Ọ̀gbẹlẹ̀ ti jẹ́ kí wọ́n wọ́wé tán, mo sì ń rí òpó kedere láàárín ẹ̀ka. Nígbà tí òjò fi rọ̀ dáadáa, tíìkì ti hu ewé tó fẹ̀ bí àwo, omi sì ń dúró lórí ewé. Olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí pé íntánẹ́ẹ̀tì ń wá, ó ń lọ. Òpó irin gígùn la padà rà kí rédíò lè ga ju igi lọ, owó tí wọn kò fi sínú ìṣirò wọn rárá. Ẹ̀bi mi ni. Bí wọ́n bá wá wo ilé yín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ fi ọwọ́ na igi kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè pé: nígbà òjò ńkọ́?

Fáíbà, ìyẹn wáyà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé íntánẹ́ẹ̀tì, ló dára jù lójú mi níbi tó bá ti wà, ṣùgbọ́n pé ó gba àdúgbò yín kọjá kò sọ pé ó dé ilé yín. Ẹ ní kí wọ́n fi àpótí tí wọn yóò ti fa ti yín hàn yín, kí ẹ ka òpó tó wà láàárín, kí ẹ sì mọ ẹni tí yóò san owó wáyà tó bá lé.

Starlink, tó bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 2023, kò nílò òpó ìlú kankan. Sátẹ́láìtì tó ga tó nǹkan bí kìlómítà 500 lókè ni àwo rẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀. Ojú ọ̀run tó ṣí sílẹ̀ ló ń fẹ́. Kámẹ́rà fóònù yín lè wo ojú ọ̀run pẹ̀lú áàpù wọn, yóò sì sọ bí igi máńgòrò yín bá dí i, ẹ ṣe èyí kí ẹ tó rà á. Bí òjò ńlá bá ń rọ̀, ó lè dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Ní ti ráútà (àpótí kékeré tó ń pín Wi-Fi nínú ilé) tó ń lo síìmù, ẹ má tíì rà á. Ẹ yá síìmù nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà, ẹ fi sínú fóònù, ẹ jókòó sí yàrá tí ẹ ti máa lò ó ní aago mẹ́jọ alẹ́, ọjọ́ mẹ́ta. Aago mẹ́jọ ni gbogbo àdúgbò ń wà lórí òpó kan náà. Ohun tí ẹ bá rí ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀ kò lè sọ òótọ́ fún yín.

Gbogbo wọn ló ní ìbéèrè kan tí mi ò fẹ́ kí ẹ gbàgbé. Bí wọ́n bá ní “unlimited”, pé kò lópin, ẹ bi wọ́n pé gígábáìtì mélòó ni a ó lò kí wọ́n tó fà á lẹ́sẹ̀. Ó sábà máa ń níye. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé.

Ọ̀rọ̀ iná

Nínú ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tí wọ́n bá bá mi sọ nípa nẹ́tíwọ́ọ̀kì, iná ló wà nídìí púpọ̀ níbẹ̀. Ráútà kékeré kì í sábà jẹ ju wáàtì 12 lọ. Bátìrì kékeré tí wọ́n ń tà fún ráútà lè gbé e fún wákàtí mélòó kan, kò wọ́n ju ohun tí ẹ ń ná sórí epo jẹnẹrétọ̀. Àwo Starlink yàtọ̀, ó lè jẹ wáàtì 50 sí 100. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: bátìrì ínfátà 12 fóltì, 100 áńpíà (12 lọ́nà 100 jẹ́ 1200), tó jẹ́ olómi ásíìdì, ìdajì rẹ̀ nìkan ló yẹ kí ẹ lò kó má baà kú kíákíá, ìyẹn wáàtì 600 fún wákàtí kan. Àwo tó ń jẹ wáàtì 75 kò ní lo ju wákàtí mẹ́jọ lọ lórí rẹ̀, kí ẹ má tíì tan gílóòbù kan. Mo mọ ẹni tó ra àwo, tí kò ra bátìrì. Ìgbà tí NEPA bá mú iná wá nìkan ló ń rí íntánẹ́ẹ̀tì lò.

Lọ́jọ́ tí a bá dé

Bó bá jẹ́ ilé àyágbé lẹ wà, ẹ ti bá onílé sọ̀rọ̀ ṣáájú. Mo ti dúró lórí àkàbà rí tí baba onílé ń pariwo pé ta ló ní kí n lu ògiri òun.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lu páànù yín. Ara ògiri ni òpó irin ń dúró sí. Kí ihò tí wáyà yóò gbà wọlé dà sí ìta, kí wáyà fúnra rẹ̀ sì rọ̀ sísàlẹ̀ bí ikùn kó tó wọ ihò, kí omi òjò lè kán sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣe èyí ti mú omi wá sínú pálọ̀ yín. Bí kì í bá ṣe fáíbà, ẹ béèrè pé ṣé bàbà gidi ni wáyà náà, nítorí èyí tó jẹ́ pé bàbà kàn bo alumíníọ̀mù lára kì í pẹ́ lábẹ́ oòrùn wa.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ibi tí ráútà ń jókòó. Gbogbo ènìyàn ló ń fẹ́ kí n gbé e sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, tàbí inú kọ́bọ́ọ̀dù, nítorí pé kò lẹ́wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sí àárín ilé, ní ibi gíga, kí nǹkan kan má bò ó. Nínú àwọn ilé alámọ̀ àtijọ́ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ògiri nípọn débi pé Wi-Fi tó kún ní pálọ̀ lè má dé yàrá kejì. Dẹ́kìn ilé alájà náà ń gbé e mì. Orúkọ Wi-Fi méjì ni ráútà sábà máa ń gbé jáde, 5 GHz àti 2.4 GHz: 5 yára, ṣùgbọ́n kì í rìn jìnnà, 2.4 lọ́ra díẹ̀, ó sì ń gba ògiri kọjá jù ú lọ. Ẹ lo 5 ní pálọ̀, 2.4 ní yàrá. Bí yàrá náà bá ṣì jìnnà, ẹ fa wáyà lọ síbẹ̀, kí ẹ gbé ráútà kejì sí i. Mo fara mọ́ wáyà ju àwọn ẹ̀rọ kékeré tó ń gba Wi-Fi tó sì tún ń pín in, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń pín ìyára náà sí méjì.

Ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan kí ẹ tó dán an wò lẹ́ẹ̀mejì: ẹ kọ́kọ́ fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ ráútà, kí ẹ sì wọ fast.com tó ń wọn ìyára íntánẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé fóònù dé orí bẹ́ẹ̀dì yín, kí ẹ tún un ṣe. Bí ti wáyà bá pé tí ti bẹ́ẹ̀dì kò pé, inú ilé yín ni ìṣòro wà, a sì lè tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Bí ti wáyà gan-an kò bá pé, ẹ má jẹ́ kí àwa òṣìṣẹ́ tíì lọ.

Lẹ́yìn tí a bá ti lọ

Ẹ yí páásíwọ́ọ̀dù padà. Bí ojú ọ̀run bá ṣú tí àrá ń sán, ẹ yọ iná, kí ẹ sì yọ wáyà tó ti òrùlé wá pẹ̀lú, torí ibẹ̀ náà ni àrá ń gbà.

Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan. Fún ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ kọ iye tí fast.com bá sọ sínú rẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, pẹ̀lú aago. Bí kò bá dára, ẹ pe ilé iṣẹ́, kí ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn yín lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá fi yín sílẹ̀, ẹ pe NCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àwọn ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, lórí 622, ọ̀fẹ́ ni, wọn yóò sì béèrè nọ́ńbà yẹn. Bàbá kan ní Òkè-Baálẹ̀ kò pariwo, wọn ò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbé ìwé àkọsílẹ̀ wọn lọ sí ọ́fíìsì, alẹ́ méje tó jẹ́ 3 àti 4 dípò 20 tí wọ́n sanwó fún. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n rán mi lọ yí rédíò wọn kọ ojú sí òpó mìíràn.