Bí mo ṣe yọ omi tó kù lára ẹtanólì 95.6%

Ògógóró ẹmu ògùrọ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ẹtanólì, ìyẹn ojúlówó ọtí inú rẹ̀, tí omi kò sí nínú rẹ̀ rárá ni mo fẹ́ gbà níbẹ̀, fún iṣẹ́ yàrá kẹ́místrì, kì í ṣe fún mímu. Sísè nìkan kò lè parí iṣẹ́ yìí.

Mo da lítà méjì sínú fláàsìkì oní-lítà mẹ́ta. Òkúta wẹ́wẹ́ ti gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ kí iná tó dé abẹ́ rẹ̀. Bí a bá sọ ọ́ sínú ọtí tó ti gbóná, ọtí yóò ru jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ ìgbóná oníná mànàmáná ni mo lò, torí ooru ẹtanólì, ìyẹn èyí tó ń gòkè nígbà tó bá ń hó, máa ń gbiná. Mo gbé ọ̀pá Vigreux (ọ̀pá gíláàsì tó ń ya ooru ẹtanólì sọ́tọ̀ kúrò lára ti omi) ọgọ́ta sẹ̀ǹtímítà lé e, mo fi aṣọ wé e, mo sì ki tẹmómítà bọ̀ ọ́ kí rògòdò ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ẹnu tí ooru ń gbà jáde dọ́gba. Bó bá ga ju ibẹ̀ lọ, òǹkà rẹ̀ yóò kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Mílílítà 50 àkọ́kọ́ ni mo dà nù: mẹtanólì, ọtí olóró, pọ̀ níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ kọ́ ló ń bá a lọ. Nígbà tí òǹkà kọjá 79°C, mo pààrọ̀ ìgò.

Bí a bá tún un sè títí, yóò máa sún mọ́ 95.6% ní ìwọ̀n wíwúwo, kò sì ní kọjá ibẹ̀. Ẹtanólì ń hó ní 78.4°C, omi ní 100°C, àdàlù yìí ní 78.2°C: ó rẹlẹ̀ ju méjèèjì lọ. Iye omi tó wà nínú ooru àti èyí tó wà nínú fláàsìkì ti bára mu, ọ̀pá kò rí ohun tí yóò yà sọ́tọ̀ mọ́. Azeotrope nìyẹn, irú èyí tí ìhó rẹ̀ rẹlẹ̀, tó ń gba òkè jáde. Ti hydrochloric acid àti omi yàtọ̀ pátápátá: 20.2% rẹ̀ ń hó ní 108.6°C, ó ga ju méjèèjì lọ, inú fláàsìkì ló sì ń ṣẹ́kù sí.

Ní 1902, Sydney Young, onímọ̀ kẹ́místrì, fi benzene gba omi náà jáde, torí pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń hó ní nǹkan bí 65°C. Benzene ń fa jẹjẹrẹ, n kò fọwọ́ kàn án.

Molecular sieve 3A, hóró tí ara rẹ̀ kún fún ihò tín-ín-tín, ni mo lò. Ihò ara rẹ̀ gba omi wọlé, kò gba ẹtanólì. Ẹ má ṣe fi calcium chloride dípò rẹ̀, ó máa ń so mọ́ ẹtanólì fúnra rẹ̀. Lítà kan ẹtanólì 95.6% wúwo tó 802 gírámù, omi inú rẹ̀ tó 35. Sieve ń fa omi tó tó ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo rẹ̀, nítorí náà 175 gírámù ló kéré jù. Mo lo 300, torí bí omi bá ṣe ń dínkù ni agbára rẹ̀ náà ń dínkù.

Mo kọ́kọ́ yan án ní 300°C fún wákàtí mẹ́rin, mo jẹ́ kó tutù níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti ráyè wọlé. Díẹ̀díẹ̀ ni mo dà á sínú ẹtanólì, nítorí bó ṣe ń fa omi ló ń gbóná. Ẹ má dé ìgò pinpin lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, mo sẹ́ ẹ kúrò lára eruku sieve.

Kọ́pà sọ́fétì funfun tí kò di búlúù nínú rẹ̀ jẹ́ àmì rere pé omi ti tán, àmọ́ kì í rí omi tó kéré gan-an. Mo tún wọn ìwúwo rẹ̀: mílílítà kan gbọ́dọ̀ jẹ́ 0.789 gírámù ní 20°C; ní 30°C, 0.781 ni. Ẹni tí kò bá ro ti ooru yàrá mọ́ ọn yóò rò pé òun ti gba omi tán nígbà tó ṣì kù.

Sieve tí a ti lò, ẹ sá a síta jìnnà sí iná títí òórùn ọtí yóò fi kúrò lára rẹ̀, kí ẹ tó dá a padà sínú ààrò.