Bẹ́ ẹ ṣe máa gbé Kanboard sórí láptọ́ọ̀pù àtijọ́ fún ṣọ́ọ̀bù yín

Ìwé tá a máa ń kọ orúkọ kọ́sítọ́mà sí ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wa ní Tákíé l'Ógbòmọ̀ṣọ́ yìí ló sọnù nígbà t'ọ́dún Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, aṣọ ẹbí sì kún ilẹ̀ bámúbámú, a ò mọ ta ló ni kí la ó rán fún un. Látìgbà yẹn ni mo ti gbé Kanboard, ìyẹn pátákó orí kọ̀ǹpútà tó ń to káàdì iṣẹ́ sí òpó-òpó, sórí láptọ́ọ̀pù kan tó ti pẹ́, ọ̀fẹ́ ni, fóònù gbogbo wa ló sì ń ṣí i lórí Wi-Fi ṣọ́ọ̀bù kódà bí dátà bá tán.

Debian tàbí Ubuntu, àwọn ẹ̀yà Linux, ni kó wà lórí láptọ́ọ̀pù náà. Ẹ ṣí terminal (ojú tẹ́ ẹ ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà) kẹ́ ẹ tẹ:

sudo apt update
sudo apt install apache2 php libapache2-mod-php php-sqlite3 php-mbstring php-gd php-xml php-curl php-zip

Ẹ ò nílò MySQL, ìyẹn ètò ńlá tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀, rárá, SQLite tó ń kó gbogbo ẹ̀ sínú fáìlì kan ṣoṣo ni Kanboard ń lò bí ẹ ò bá yí i padà. Ẹ wá lọ sí GitHub (github.com, ìkànnì tí wọ́n ń kó kóòdù ètò sí), kanboard/kanboard, ẹ gba fáìlì tar.gz tó jáde kẹ́yìn, ẹ tú u:

sudo mkdir /var/www/html/kanboard
sudo tar xzf ~/Downloads/kanboard-*.tar.gz -C /var/www/html/kanboard --strip-components=1
sudo chown -R www-data:www-data /var/www/html/kanboard/data

Ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì gan-an, www-data lorúkọ tí Apache (ètò tó ń gbé Kanboard wá sójú fóònù yín) fi ń ṣiṣẹ́, tí fólídà data ò bá sí lọ́wọ́ ẹ̀ kò ní rí nǹkan kọ síbẹ̀, àwọn kan á wá sáré lọ chmod 777 (tó ń fún gbogbo èèyàn láyè láti kọ nǹkan síbẹ̀), ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe é.

Èyí táwọn èèyàn kì í sọ rèé o. Kanboard fi .htaccess (fáìlì kékeré tó ń sọ fún Apache ohun tí kò gbọ́dọ̀ fi han ẹnikẹ́ni) ti fólídà data pa, àmọ́ Apache orí Debian àti Ubuntu kì í ka .htaccess, ìyẹn ni pé ẹnikẹ́ni tó bá wà lórí Wi-Fi yín lè wa db.sqlite, fáìlì tí àkọsílẹ̀ yín wà, lọ pẹ̀lú orúkọ àti nọ́ńbà kọ́sítọ́mà yín. Ẹ ṣí /etc/apache2/apache2.conf, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Directory /var/www/ sí, ẹ sọ AllowOverride None di AllowOverride All, kẹ́ ẹ wá tẹ sudo systemctl restart apache2.

hostname -I á fún yín ní nọ́ńbà láptọ́ọ̀pù náà, bíi 192.168.1.20. Ẹ fi fóònù ṣí http://192.168.1.20/kanboard, admin lorúkọ, admin náà ni páswọ́ọ̀dù, ojú ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí http://192.168.1.20/kanboard/data/db.sqlite wò, Forbidden ló yẹ kẹ́ ẹ rí, tó bá ń wa fáìlì wálẹ̀ ẹ padà lọ wo apache2.conf yẹn dáadáa.

Òpó mẹ́rin ló máa ń gbé wá, àwa ti yí tiwa padà sí A ti gba aṣọ, À ń gé e, Ó wà lórí máṣíìnì, Ó ti ṣe tán, àwọn ọmọṣẹ́ gan-an ló ń fi ọwọ́ sún káàdì iṣẹ́ láti òpó kan sí èkejì báyìí.

Ní gbogbo alẹ́ Sátidé, mo máa ń dá Apache dúró, màá da gbogbo fólídà data kọ sórí fláàṣì, fláàṣì yẹn sì máa ń bá mi lọ sílé ni.