Bí ìyá ọmọ bá ní òun ò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ gbìyànjú báyìí

Ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tó ní rárá gan-an. Ní Nyanya tí mò ń gbé yìí, ẹ lè máa bá ìyá ọmọ jà láìmọ̀ pé òun kọ́ o, ìyá ọkọ ẹ̀ ló ń pè é láràárọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé agbo làwọn fi tọ́ baba ọmọ, kí ló ṣe é. Ẹ ní kó gbé fóònù fún yín, ẹ kí màmá dáadáa, kẹ́ ẹ wá bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ọmọ tí rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú láyé ìgbà yẹn. Wọ́n á dárúkọ ẹnì kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán, ẹ má já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu wọn.

Ìyẹn tán, ẹ béèrè ohun tó ń ba ìyá ọmọ fúnra ẹ̀ lẹ́rù, ìyẹn nìkan ni kẹ́ ẹ dáhùn. Tèmi, nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ara ọmọ lè gbóná lẹ́yìn abẹ́rẹ́ itan ti ọ̀sẹ̀ 6 àti pé ó sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì, mo sunkún mọ́jú. Torí ẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún un kó tó lọ. Ẹ sọ ti BCG náà, abẹ́rẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ tí wọ́n ń gún ọmọ tuntun, pé á wú bí oówo kékeré lápá, á jinná, á fi àpá sílẹ̀, kí wọ́n má fi nǹkan kan pa á.

Ẹlòmíì á ní wọ́n fẹ́ fi sọ ọmọ òun di àgàn. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ní 1996 ilé iṣẹ́ apoògùn Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọ ní Kano nígbà tí àrùn yírùnyírùn (meningitis) ń jà, ìbínú tí ìyẹn dá sílẹ̀ ò tíì tán nílẹ̀ tí Kano fi dá oògùn pólíò tí wọ́n ń kán sọ́mọ lẹ́nu dúró ní 2003. Ẹ sọ fún un pé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ Trovan yẹn ṣẹlẹ̀, àmọ́ pé Trovan kì í ṣe àjẹsára, oògùn ìwòsàn ni, àti pé lẹ́yìn ìdádúró yẹn ni pólíò gba Kano dé àwọn orílẹ̀-èdè míì, ó di 2020 kí wọ́n tó kéde pé wild polio, ìyẹn pólíò àdáyébá, ti kúrò ní Áfíríkà. Tẹ́ ẹ bá bo ibi tó burú mọ́lẹ̀, wọ́n ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin ni wọ́n máa pè lónírọ́.

Owó ńkọ́? Ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìwòsàn ìjọba, àmọ́ owó kẹ̀kẹ́ kì í ṣọ̀fẹ́, ẹlòmíì tó ń sọ pé òun ò gbà, igbe nọ́ọ̀sì àti ìjókòó látàárọ̀ ni kò gbà. Ẹ bá a lọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ bá a gbé ọmọ. Kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ wo déètì tó kàn lórí káàdì, lẹ́yìn ti ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10 ni, 14 tẹ̀lé e, oṣù 9, oṣù 15, kẹ́ ẹ bá a fi sí àláàmù fóònù ẹ̀. Ẹ fi sí ti bàbá ọmọ náà jàre.