Kí O Tó Ra Ọkọ̀ Àkọ́kọ́ Nílùú Ọba, Béèrè Owó Ìnṣọ́ránsì Rẹ̀ Ná

Ọkọ̀ £2,000 wà nílùú Ọba, ó sì lè gbé ọ lọ síbi iṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta láìyọ ọ́ lẹ́nu. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹni ọdún 19 tó ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè rí i pé owó ìnṣọ́ránsì ọdún kan péré tó owó ọkọ̀, tàbí kó tiẹ̀ jù ú lọ. Òfin ò sì gbà kí ọkọ̀ tẹ títì láìní in. Nítorí náà, kí o tó fi kọ́bọ̀ lé ẹni tó ń ta ọkọ̀ lọ́wọ́, gba nọ́ńbà ara ọkọ̀ náà, kí o sì wo iye tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ lórí rẹ̀.

Lọ sórí Confused.com, MoneySuperMarket tàbí Compare the Market, àwọn ìkànnì tó ń fi owó ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì wéra. Tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ sí i, ọjọ́ ìbí rẹ, póòsìkóòdù ibi tí ọkọ̀ á máa sùn, irú láísẹ́ǹsì tó o ní àti ìgbà tó o gbà á. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì dè ọ́ mọ́ ohunkóhun. Ṣe é fún ọkọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún kí o tó jáde lọ wo ẹyọ kan. Ọkọ̀ méjì lè jọra bí ìbejì kí owó wọn má sì jọra rárá, nítorí pé ẹ́ńjìnnì ọ̀kan jẹ́ lítà 1.0, ti èkejì jẹ́ 1.4.

Àwọn ọkọ̀ àlòkù tó o máa rí lọ́jà ti wà ní ẹgbẹ́ kan láàárín 1 sí 50. Ẹgbẹ́ 1 ni owó rẹ̀ fúyẹ́ jù. Ohun tí wọ́n fi ń pín wọn ni iye owó páàtì, bí àtúnṣe ṣe máa ń pẹ́ tó, eré tí ọkọ̀ lè sá, àti bó ṣe le tó fún olè láti jí i. Volkswagen Up, Skoda Citigo àti Hyundai i10 tí ẹ́ńjìnnì wọn jẹ́ 1.0 ní èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti ẹgbẹ́ 1. Citroën C1, Peugeot 107 àti Toyota Aygo àkọ́kọ́ jẹ́ ọkọ̀ kan náà tó ní orúkọ mẹ́ta. Ilé iṣẹ́ kan ní Kolín, lórílẹ̀-èdè Czech, ló ṣe gbogbo wọn. Bí owó ọ̀kan bá ga, dán àwọn méjì tó kù wò. Golf GTI tó ń sáré gan-an wuni lóòótọ́, àmọ́ fi sílẹ̀ di ìgbà tó o bá ti wakọ̀ ọdún mélòó kan láìní jàǹbá.

Nílé, third party (ìnṣọ́ránsì tó ń san ohun tó o bà jẹ́ fún ẹlòmíì nìkan) ₦15,000 ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀, wọ́n sì gbà pé òun ló máa ń dínwó jù níbi gbogbo. Nílùú Ọba, third party ọ̀dọ́ lè wọ́n ju comprehensive (èyí tó ń san fún ọkọ̀ tìrẹ náà) lọ, torí pé àwọn awakọ̀ tí jàǹbá wọn pọ̀ ló sábà máa ń yàn án. Béèrè owó méjèèjì kí o tó pinnu.

Láísẹ́ǹsì Nàìjíríà ṣeé fi wakọ̀ fún oṣù 12 láti ọjọ́ tó o di olùgbé ibẹ̀. Wọn kì í pààrọ̀ rẹ̀ fún ti ìlú Ọba, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kì í sì í ka no-claims (ẹ̀dínwó fún ọdún tó o fi wakọ̀ láìgba owó jàǹbá) tó o kó jọ nílé sí. Ní gbogbo ìgbà tó o bá fi ń lò ó, owó rẹ á ga. Má ṣe dúró di oṣù kọkànlá. Provisional, ìyẹn láísẹ́ǹsì akẹ́kọ̀ọ́, jẹ́ £34 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìdánwò theory £23, ìdánwò ojú títì £62 láàárín ọ̀sẹ̀, ìlà àwọn tó ń dúró de ìdánwò yìí sì lè gba oṣù mélòó kan. Bí oṣù 12 bá pé tó ò tíì yege, akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ́ lójú òfin: wàá lẹ ìwé L mọ́ ọkọ̀, ẹni tó lé lọ́dún 21 tó ti ní láísẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́ta á sì jókòó tì ọ́.

Ohun tó ń mú owó wálẹ̀

Ra ìnṣọ́ránsì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó dúró di ọ̀la máa ń san jù. Bí agbára bá wà, san owó ọdún lẹ́ẹ̀kan náà, torí gbèsè tó ní èlé ni ìsanwó oṣooṣù. Excess ni owó tí ìwọ fúnra rẹ máa gbé kalẹ̀ bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Oríṣi méjì ni, èyí tí wọ́n fi dandan lé àti èyí tó o fi kún un fúnra rẹ, méjèèjì ni wọ́n sì máa ń rò pọ̀. Bí ti dandan bá jẹ́ £400, tó o fi £500 kún un, tí ọkọ̀ £1,800 sì bàjẹ́ pátápátá, £900 péré ló máa kàn ọ́. Má fi kún un kọjá ohun tó o lè rí sọ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Black box, ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì fi ń ṣọ́ bó o ṣe ń wakọ̀, máa ń ran ọ̀dọ́ lọ́wọ́ gan-an. Ó ń wo eré, bó o ṣe ń tẹ bíréèkì, àti àkókò tó o fi ń rìn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru gbọ́dọ̀ ka ìwé rẹ̀ dáadáa, torí àwọn kan máa ń fi ìrìn òru dín máàkì awakọ̀ kù. Bí eré bá pọ̀ jù, wọ́n lè fagi lé ìnṣọ́ránsì náà. Yàgò fún ìyẹn, nítorí pé ìfagilé gbọ́dọ̀ hàn nínú ìdáhùn rẹ ní gbogbo ìgbà tí ilé iṣẹ́ mìíràn bá béèrè, á sì sọ owó rẹ di òkè.

Ẹ̀yin òbí, bó bá jẹ́ ọmọ ló ni ọkọ̀ tó sì ń wà á lójoojúmọ́, ẹ má fi orúkọ yín ṣe awakọ̀ àgbà, ìyẹn ẹni tó ń wà á jù, lórí ìwé. Fronting ni wọ́n ń pè é, jìbìtì ni lójú òfin. Bí jàǹbá bá dé, ilé iṣẹ́ lè kọ̀ láti tún ọkọ̀ ṣe. No-claims náà ò ní kó jọ fún ọmọ, orúkọ awakọ̀ àgbà ló ń lọ. Kí ọmọ jẹ́ awakọ̀ àgbà, kí orúkọ bàbá tàbí ìyá tó ti ń wakọ̀ tipẹ́ wà níbẹ̀ bí awakọ̀ kejì, bó bá jẹ́ pé lóòótọ́ lẹ máa ń wà á nígbà míì. Owó sábà máa ń wálẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì bófin mu.

Iṣẹ́ tó o fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ care ti ń kó sí wàhálà. Commuting gbà ọ́ láyè láti lọ síbi iṣẹ́ kan ṣoṣo, kí o sì padà. Ẹni tó ń lọ láti ilé arúgbó kan sí òmíràn, ilé márùn-ún lójúmọ́, business use ló nílò. Owó tó máa fi kún un kì í sábà pọ̀, ṣùgbọ́n bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ láàárín ilé kejì àti ìkẹta tí kò sí nínú ìwé rẹ, wọ́n lè ní àwọn ò san. Gbígbé oúnjẹ fún Uber Eats tàbí Deliveroo tún yàtọ̀. Hire and reward, ìnṣọ́ránsì ẹni tó ń gbowó láti gbé nǹkan fún èèyàn, ni tirẹ̀. (Bó bá jẹ́ físà akẹ́kọ̀ọ́ lo fi wà níbẹ̀, físà náà ò gbà ọ́ láyè láti máa dá iṣẹ́ ara rẹ ṣe bẹ́ẹ̀ rárá.)

Bí ẹnì kan bá sì ní òun mọ ọ̀nà tí owó fi máa já sí ìdajì, tó ní kí o fi owó sínú àkáǹtì òun, tí gbogbo ọ̀rọ̀ yín jẹ́ orí WhatsApp, sá fún un. Ghost broker ni. Ó lè fi àdírẹ́sì irọ́ ra ìwé gidi fún ọ, tàbí kó rà á, kó fagi lé e lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, kó gba owó padà láìsọ fún ọ. Pé ẹ jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ò sọ ọ́ di agent. Yẹ orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ wò nínú ìwé orúkọ FCA, àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì àti owó níbẹ̀.

Kámẹ́rà ọlọ́pàá ń ka nọ́ńbà ọkọ̀. Wíwakọ̀ láìní ìnṣọ́ránsì jẹ́ owó ìtanràn £300 àti póìǹtì 6 (àmì ẹ̀ṣẹ̀ lórí láísẹ́ǹsì), wọ́n sì lè gbé ọkọ̀ lọ. Ẹni tí kò tíì pé ọdún méjì tó yege ìdánwò, póìǹtì 6 yẹn ti gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ rẹ̀. Láti orí provisional ló máa tún bẹ̀rẹ̀. Fóònù lọ́wọ́ lórí ìrìn náà jẹ́ póìǹtì 6.

Bó o bá dé ìdí ọkọ̀

Kí o tó kúrò nílé, tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sórí gov.uk kí o ka ìtàn MOT rẹ̀, ìyẹn àyẹ̀wò ọdọọdún tó ń sọ bóyá ọkọ̀ yẹ lójú títì. Máìlì gbọ́dọ̀ máa gòkè lọ́dọọdún. Bó bá wálẹ̀ lójijì, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fọwọ́ kan mítà. Sanwó fún àyẹ̀wò tó ń sọ bóyá gbèsè wà lórí ọkọ̀, tàbí bóyá ó ti di Category S tàbí N, ìyẹn ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ti kọ̀ sílẹ̀ rí. S túmọ̀ sí pé egungun ọkọ̀ fara gbá. Má gbà kí orúkọ orí V5C, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀, nìkan tẹ́ ọ lọ́rùn, torí kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹni náà ló ni ọkọ̀.

Sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má tan ọkọ̀ kí o tó dé. Ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná máa ń bo àṣírí mọ́lẹ̀. Ní orí C1 àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tẹ kílọ́ọ̀ṣì dáadáa, òun ló máa ń jẹ tán. Gbé kápẹ́ẹ̀tì búùtù wò bóyá omi ń wọlé. Ford 1.0 EcoBoost tí timing belt rẹ̀ (bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì) ń sáré nínú ọ́ìlì ń fẹ́ ojú tó mú: bí belt bá ń bó, èérún rẹ̀ máa ń dí ọ̀nà ọ́ìlì, ẹ́ńjìnnì á sì kú. Bí kò bá sí rìsíìtì ìpààrọ̀ belt àti ti ọ́ìlì tó yẹ, fi í sílẹ̀. Táyà tí ojú rẹ̀ kò tó 1.6mm kò bófin mu, o lè yọ owó táyà mẹ́rin kúrò nínú iye tó ń pè.

Bí ẹ bá ti dúnàádúrà tán, owó orí ọkọ̀ tí ẹni tó ń tà á ti san kò bá ọkọ̀ wá. Fi nọ́ńbà tó wà lórí ewé new keeper, èyí tí wọ́n ya fún ọ lára V5C, san tìrẹ lórí fóònù níbẹ̀. Ìnṣọ́ránsì tìrẹ náà gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kí o tó yí kọ́kọ́rọ́, ti ẹni tó ń tà á ò lè gbé ọ délé. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, lọ sórí ìkànnì Motor Insurers' Bureau (MIB), níbi tí wọ́n ti ń wò ó bóyá ọkọ̀ ní ìnṣọ́ránsì, kí o wo nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ. Bí kò bá sí níbẹ̀, pe ilé iṣẹ́ náà lọ́jọ́ yẹn gan-an.