Tọ́ọ́pù Gásíkẹ́ẹ̀tì Kọ́: Bí Mo Ṣe Rí Ohun Tó Ń Mú Corolla Mi Gbóná ní Ìkòròdú

₦118,000 ni mo san lórí tọ́ọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì tí nǹkan kan ò ṣe. Òun ni pẹlẹbẹ tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí omi, ọ́ìlì àti èéfín pàdé. Owó iṣẹ́ wà nínú ẹ̀, owó ẹni tó fá orí ẹ́ńjìnnì kó lè tẹ́jú wà nínú ẹ̀, owó gásíkẹ́ẹ̀tì, owó ọ́ìlì tuntun, owó gọ́ọ̀mù. Mo gbé mọ́tò kúrò lọ́dọ̀ mẹ́káníìkì, mo gbé e lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ká tó dé Májídùn nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, abẹ́rẹ́ gééjì tó ń fi ìgbóná ẹ́ńjìnnì hàn ti gun òkè, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan pupa. Àìsàn tí mo gbé lọ náà ni mo gbé bọ̀. Ọ̀rọ̀ owó yẹn dùn mí dé egungun, ìdí nìyí tí mo fi jókòó láti kọ èyí.

Corolla 2005 ni mọ́tò mi. Ẹnu ẹni tó tà á fún mi kọ́ ni mo gbà gbọ́, nọ́ńbà ṣáásì ni mo yẹ̀ wò. Mẹ́tàdínlógún ni lẹ́tà àti nọ́ńbà tó máa ń wà níbẹ̀, ìkẹwàá ló ń sọ ọdún, 5 ló sì wà ní ti tèmi. 2T1 ló fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni pé Kánádà ni wọ́n ti tò ó. Bí mo ṣe rà á àti bí mo ṣe ṣe ìwé rẹ̀ ò le, mi ò ní fi ìyẹn gba àkókò yín. Láti Ìkòròdú dé Kẹ́tu ni mò ń gbé e lọ síbi iṣẹ́, kò sì yọ mí lẹ́nu rí àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ gbígbóná yìí dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣe, torí inú bó ṣe ń ṣe yẹn gan-an ni ìdáhùn wà. Tí ọ̀nà bá là, tí mo ń sáré lọ, abẹ́rẹ́ á dúró sí àárín, kò ní mì. Tí a bá dúró sójú kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Tí mo bá tan AC nígbà yẹn, atẹ́gùn gbígbóná ni yóò máa fẹ́ jáde. Kí ọ̀nà tún là díẹ̀, abẹ́rẹ́ á sọ̀ kalẹ̀, AC náà á tún tutù. Tí mọ́tò bá ń sáré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà ló ń gba inú rédíétọ̀ kọjá tó ń tu omi rẹ̀ lára. Tó bá dúró, fáànù nìkan ló kù tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Tọ́ọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì tó ti jó kì í mọ ìgbà tí ọ̀nà là. Bí ẹ bá ṣe ń tẹ ẹ́ tó ni yóò ṣe máa gbóná tó.

Gbogbo èyí ni mo rò fún mẹ́káníìkì àkọ́kọ́. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ jẹ́ ká ṣe iṣẹ́ wa. Fáànù yín ń yí, gbogbo wa la rí i." Lóòótọ́, ó ń yí láàárọ̀ tí wọ́n wò ó. Wọ́n sì ṣí ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí mo gbé e padà lọ lẹ́yìn ti Májídùn, ọ̀rọ̀ yí padà: ó ní ẹ́ńjìnnì yẹn ti dàgbà jù, kí n lọ ra tòkúnbọ̀ míì, òun mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á ní owó pọ́ọ́kú. Orí mi gbóná ju mọ́tò lọ lọ́jọ́ náà. Mo gba kọ́kọ́rọ́ mi, mo sì pinnu pé èmi ni màá wádìí ọ̀rọ̀ yìí dé ìdí.

Àárọ̀ kùtù ni mo bẹ̀rẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná rárá, torí ẹni tó bá ṣí ìdérí rédíétọ̀ gbígbóná lè fi ojú rẹ̀ ṣòfò. Mo ṣí ìdérí, mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tan mọ́tò, mo ń wo ojú omi. Tí tọ́ọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì bá ti lọ, èéfín inú ẹ́ńjìnnì á máa gba inú omi jáde, omi á máa hó láìdúró. Omi tèmi dúró jẹ́ẹ́. Mo fa igi ọ́ìlì yọ, mo nù ún: ọ́ìlì mọ́, kò dà bí ògì tí wọ́n po mílíìkì sí, bó ṣe máa ń rí tí omi bá ti wọ inú rẹ̀. Èéfín funfun kò jáde nídìí sálẹ́ńsà. Iṣẹ́ yẹn kò ju ìgbà tí ẹ̀kọ fi máa ń tutù lọ, kò sì sí kọ́bọ̀ tó jáde lápò mi. Wọn ì bá ti ṣe é kí wọ́n tó mú sípánà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n máa ń ki sí abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù láti ka ohun tí kọ̀ǹpútà inú mọ́tò ń sọ, Bluetooth ni fóònù fi ń bá a sọ̀rọ̀. Iná tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì ti ń tàn látìgbà tí mo ti gba mọ́tò lọ́wọ́ mẹ́káníìkì. A ki ẹ̀rọ yẹn sí i, P0128 ló kọ: ẹ́ńjìnnì kò gbóná tó bó ṣe yẹ kó gbóná nígbà tí mọ́tò ń lọ. Ẹ wò ó, mọ́tò tó ń gbóná jù nínú gó-síló ni kọ̀ǹpútà ń sọ pé kò gbóná tó! Mo pe mẹ́káníìkì lórí fóònù, ó jẹ́wọ́ pé òun ti yọ tẹ́mósítáàtì. "Ìlú ooru la wà, Mọ́mì. Gbogbo wa la máa ń yọ ọ́."

Kò yẹ kí wọ́n máa yọ ọ́. Tẹ́mósítáàtì ló ń sé omi mọ́ inú ẹ́ńjìnnì títí yóò fi gbóná dé bíi 82°C, kó tó ṣílẹ̀kùn fún un láti lọ sí rédíétọ̀. Tí ẹ bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì á máa tutù jù lójú ọ̀nà tó là, kọ̀ǹpútà á rò pé mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí ni, á máa da epo sí i. Ìdí nìyẹn tí epo mi fi ń tètè tán, ní irú àkókò tí gbogbo wa mọ iye tí lítà kan ń jẹ́ láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023. Kò sì dá gbígbóná inú gó-síló dúró, torí kì í ṣe òun ló ń fẹ́ atẹ́gùn.

Níbi tó le nìyí. Mo mọ̀ pé fáànù ni. Kò sẹ́ni tó gbà mí gbọ́, torí fáànù náà ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà tí ojú bá wà lára rẹ̀.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ rẹ́wáyà kan, ìyẹn ẹni tó ń tún iná mọ́tò ṣe, ní Ògólóńtó, ọmọdékùnrin kan tó mọ iṣẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé sùúrù rẹ̀ kò pọ̀. Ó tan AC, fáànù yí. Ó yọ wáyà sẹ́ńsọ̀ ìgbóná omi, fáànù tún yí, bó ṣe yẹ kó yí, torí kọ̀ǹpútà máa ń tan fáànù fúnra rẹ̀ tí kò bá gbúròó sẹ́ńsọ̀ yẹn mọ́. Ó wo fíùsì, kò jó. Ó yọ ríléè fáànù, ìyẹn ohun kékeré tó ń gbé iná fún fáànù tí kọ̀ǹpútà bá pàṣẹ, ó fi òmíràn tí nọ́ńbà ara rẹ̀ bá a mu rọ́pò rẹ̀, kò yàtọ̀. "Mọ́mì, fáànù yín dáa." Mo padà sílé. Mo wọ gó-síló, mọ́tò gbóná. Mo padà sọ́dọ̀ rẹ̀, fáànù yí. Mo tún lọ, mo tún bọ̀. Ní gbogbo àkókò yẹn, mò ń pa AC, mò ń ṣí wíńdò, mò ń yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà BRT láti jẹ́ kí mọ́tò sinmi, àwọn ọlọ́kọ̀ tó wà lẹ́yìn mi ń fọn fèrè, wọ́n ń bú mi. Mo ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́ débi tí ọ̀gá mi fi ní kí n wá wí tẹnu mi.

Nígbà tó yá, rẹ́wáyà ní ọ̀nà kan ló kù: kí òun fa fáànù sí dáírẹ́ẹ̀tì, kó máa yí ní gbogbo ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ bá ti wà lójú ẹ̀. Mo ní rárá. Mo ti rí mọ́tò tí wáyà rẹ̀ jó nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, torí iná tí fáànù ń fà pọ̀ ju ohun tí wáyà tín-ín-rín ìdí kọ́kọ́rọ́ lè gbé. Yàtọ̀ sí ìyẹn, tó bá jẹ́ pé fáànù fúnra rẹ̀ ló ń kú tó ń jí, dáírẹ́ẹ̀tì ò lè wò ó sàn.

Mo sọ ohun tí mo fẹ́ fún un. Ká gbé mọ́tò sínú oòrùn ọ̀sán, ká tan AC, ká má pa á, ká má kúrò nídìí rẹ̀ títí tí yóò fi ṣe ohun tó ń ṣe sí mi lójú ọ̀nà. Ó ní epo á lọ, ààyè ṣọ́ọ̀bù òun kò tó, oníbàárà mìíràn ń bọ̀. Mo ní èmi ni mo ni epo, màá sì sanwó ààyè. Mo gbé bẹ́ǹṣì kan sí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, mo jókòó, fóònù ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà lọ́wọ́ mi, mò ń wo nọ́ńbà ìgbóná omi. Mo ti bá a sọ ọ́ pé tó bá kan 105, ká pa á, kí ẹ́ńjìnnì má baà bàjẹ́ lóòótọ́.

92, 94, fáànù bẹ́ sílẹ̀, nọ́ńbà sọ̀. Ó tún gòkè, fáànù tún gbọ́. Ó pẹ́. Rẹ́wáyà ti lọ ń ṣe mọ́tò ẹlòmíràn. Oòrùn mú mi, mi ò dìde. Lẹ́yìn náà nọ́ńbà kọjá 97, ó kọjá 99, mi ò gbọ́ ìró fáànù. Mo kígbe pè é. Ó sáré wá, ó ki tẹ́sítà sí ẹnu wáyà tó wọ ìdí fáànù: iná tàn! Kọ̀ǹpútà ti pàṣẹ, ríléè ti gbọ́, iná ti dé, fáànù ló kọ̀. Ó fi ẹ̀yìn sukudúráífà gbá ìdí mọ́tò fáànù lẹ́ẹ̀kan péré, kó! Fáànù ta gìrì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Àwa méjèèjì wo ojú ara wa. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jàre." Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ, inú sì tún bí mi, torí ohun tí mo ti ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tó tú u, burọ́ṣì kábọ́ọ̀nù méjì ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn ohun dúdú tó ń gbé iná wọ inú mọ́tò fáànù. Wọ́n ti jẹ tán, wọn ò tó ìdajì tuntun mọ́, sípíríǹgì tó ń tì wọ́n síwájú ò ní agbára mọ́. Tí ara rẹ̀ bá tutù, wọ́n ṣì ń kan ibi tó yẹ. Tí ooru inú bọ́nẹ́ẹ̀tì bá mú un, wọn ò kan mọ́. Láàárọ̀ ni gbogbo èèyàn máa ń wò ó, ọ̀sán ló máa ń kú.

Òwòdé-Ònírìn la ti ra òmíràn. Bẹ́líjọ̀ọ̀mù ojúlówó, ìyẹn àlòkù tó wá láti òkè òkun, ni mo mú, mi ò mú tuntun ayédèrú inú páálí aláràbarà. Ẹ má sanwó títí tí ẹni tó ń tà á yóò fi fi bátìrì yí i fún yín, kó pẹ́ dáadáa, kó gbóná, kó tún dákẹ́, kó tún yí. Wọ́n á kùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n kùn. Mo ra tẹ́mósítáàtì tuntun, mo sì ra kúláńtì, ìyẹn omi àkànṣe tí wọ́n ń dà sí rédíétọ̀, torí omi bọ́ọ̀hóòlù àdúgbò wa ń sọ bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun di pupa, irú rẹ̀ náà ló ń jẹ inú rédíétọ̀. Fáànù ₦28,000, tẹ́mósítáàtì ₦11,000, kúláńtì ₦8,000, iṣẹ́ rẹ́wáyà ₦9,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦56,000. Kò tó ìdajì owó tí mo fi tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe. Iná ẹ́ńjìnnì ti kú, epo mi ti padà sí bó ṣe wà.

Mo lọ bá mẹ́káníìkì àkọ́kọ́. Mo gbé burọ́ṣì yẹn sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ní gásíkẹ́ẹ̀tì tí òun yọ náà ti gbó, pé òun ti bá mi ṣe é sílẹ̀ ni. Mo ní kó gbé gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ jáde, kò rí i. Owó mi kò padà, mi ò sì dé ṣọ́ọ̀bù yẹn mọ́.

Àwọn ará ilé mi ṣì ń sọ pé kí n tà á, kí n fi owó kún un, kí n ra tòkúnbọ̀ tó kéré lọ́jọ́ orí. Mo gbé e yẹ̀ wò gan-an. Nígbà tó ń gbóná, oníṣòwò mọ́tò kan ní ìdí Gáréèjì dá iye kan fún mi tó jẹ́ kí ojú ti èmi tó gbọ́ ọ. Ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE ló wà nínú mọ́tò mi. Àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀, ṣáájú bíi 2002, ló lókìkí pé wọ́n ń mu ọ́ìlì. Tèmi kò mu ún, mò ń wo igi ọ́ìlì, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣéènì ló ń yí táímíǹgì rẹ̀, kò ní bẹ́líìtì tó lè já lójijì. Mo wọ abẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e sókè: ìpata wà lára sálẹ́ńsà, kò sí lára férémù. Jíà rẹ̀ ń wọlé láìjá. Ẹlòmíràn tí màá rà, ta ló mọ ẹni tó ti yọ tẹ́mósítáàtì rẹ̀, ta ló mọ ẹni tó ti fa fáànù rẹ̀ sí dáírẹ́ẹ̀tì? Ti tèmi, mo mọ̀ ọ́n nínú mọ̀ ọ́n lóde.

Nítorí náà, mi ò tà á. Ìwé kan wà nínú mọ́tò tí mò ń kọ gbogbo owó tí mo bá ná lórí rẹ̀ sí. Ìdérí rédíétọ̀ ni màá pààrọ̀ tẹ̀ lé èyí, torí sípíríǹgì rẹ̀ ti rọ̀, òun ló sì ń há omi mọ́ kó má baà hó ní 100°C. Jíà nìkan ni mi ò ní náwó lé. Ọjọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, màá tà á bó ṣe wà, màá sì sọ àìsàn rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ rà á kó tó kó owó sílẹ̀.