Ẹ Rọra Ná Owó Yín: Àṣìṣe tí ó Wọ́pọ̀ nínú Kíkọ́ Ọmọ Ilé-ìwé nípa Ìyípadà Ojú Ọjọ́

Bí oṣù kẹfà bá ti ń sún mọ́lé, tí ọjọ́ karùn-ún rẹ̀ tí gbogbo ayé ti fi ń ṣe Àyájọ́ Àyíká láti ọdún 1973 bá ku díẹ̀, àwọn tí ó ń tẹ bánnà ní Adó-Èkìtì a máa rí iṣẹ́ ṣe. Àwọn olùkọ́ tuntun, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde tí wọ́n fẹ́ ṣe ilé-ìwé wọn lóore a dá owó jọ, wọn a rajà, wọn a sì kó o wá sí ọgbà ilé-ìwé tìlù tìfọn. Kí ọdún tó yí po, owó ti wọlẹ̀, ọmọ tí wọ́n torí rẹ̀ ná an kò sì lè sọ ìdí tí ayé fi ń gbóná. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní jọ́gíráfì ní ìpínlẹ̀ yìí, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sì mọ̀ mí sí aláròyé. Igbákejì ọ̀gá wa a máa yára fi ìwé ìnáwó pamọ́ bí ó bá ti gbúròó ẹsẹ̀ mi, n kò sì bá a wí. N kò ní bẹ̀rẹ̀ láti A, B, D, nítorí ẹni tí yóò kọ́ ọmọ yẹ kí ó ti kàwé. Ibi tí owó àti àkókò ti ń ṣòfò ni mo fẹ́ tọ́ka sí.

1. Ihò inú òsónù. Àṣìṣe yìí ti di ajogúnbá: olùkọ́ dà á kọ láti inú nóòtì ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀, ọmọ sì dà á kọ láti ojú pátákó. Wọ́n ní òsónù ti lu, oòrùn ń gba ojú ihò náà wọlé, òun ni ooru fi ń mú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òsónù jẹ́ ìpele afẹ́fẹ́ kan lókè réré tí ó ń dènà ìtànṣán tí ń jó awọ ara. Àwọn gáàsì inú fíríìjì àtijọ́ àti inú agolo tí a fi ń fín nǹkan ni ó bà á jẹ́, àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Montreal ní 1987 sì ti mú kí ó máa sàn díẹ̀díẹ̀. Ooru tí à ń sọ yìí ní ọ̀nà tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń la afẹ́fẹ́ kọjá, ó ń mú ilẹ̀ gbóná, ilẹ̀ sì ń tú ooru padà sókè. Carbon dioxide, methane àti àwọn gáàsì bẹ́ẹ̀ ni ó ń gba apá kan ooru náà mú, tí wọn kì í jẹ́ kí ó lọ tán. Kí àwọn òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èédú inú ilẹ̀ dáná ilé-iṣẹ́ wọn, nǹkan bí 280 ni carbon dioxide jẹ́ nínú ìdá mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́. Lónìí ó ti kọjá 420, wọ́n sì ti ń wọ̀n ọ́n lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii láti 1958. Ọmọ tí a bá kọ́ ní ti òsónù yóò máa wá ojútùú gba ibi tí kò sí. Mo ti máàkì ìwé ìdánwò rí tí ọmọ kan ti gbani nímọ̀ràn pé kí àwọn obìnrin dẹ́kun fífín lọ́fínńdà kí òjò lè máa rọ̀ lásìkò. Mo fún un ní máàkì kan nítorí ìgboyà rẹ̀.

2. Òjò àná. Òjò ńlá rọ̀, ó ṣí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì kan, olùkọ́ wọ kíláàsì, ó ní ìyípadà ojú ọjọ́ náà nìyẹn. Òjò kan ṣoṣo kò tó ẹ̀rí. Àkọsílẹ̀ ọgbọ̀n ọdún ni àwọn onímọ̀ máa ń kó jọ kí wọ́n tó sọ bí ìṣesí ojú ọjọ́ ibì kan ṣe rí. Bàbá àgbà tí ó ní àkọ́rọ̀ òjò kì í tètè dé mọ́ bíi ti ìgbà èwe òun mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, ó sì yẹ kí ọmọ lọ jókòó tì í kí ó bi í léèrè. Ṣùgbọ́n kí ọmọ náà kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ẹnu, kí ó sì wá àkọsílẹ̀ òjò tí yóò gbè é lẹ́yìn tàbí tí yóò ta kò ó.

3. Ìdọ̀tí. Ìmọ́tótó dára. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà tí ó dí gọ́tà a máa jẹ́ kí àgbàrá ya wọ ilé, bí òjò bá sì ń rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wàhálà náà yóò pọ̀ sí i. Ibi tí ọ̀rọ̀ méjèèjì ti pàdé nìyẹn. Ọ̀rá inú gọ́tà kọ́ ni ó mú ayé gbóná. Èyí tí ó tún ń bí mi nínú ni pé lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti fi gbogbo òwúrọ̀ ṣa ọ̀rá tán, wọn a kó o jọ sẹ́yìn ilé-ìgbọ̀nsẹ̀, wọn a ṣáná sí i, èéfín dúdú a bo kíláàsì JSS1, olùkọ́ tí ó ń bójú tó ẹgbẹ́ àyíká a sì máa ya fọ́tò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó ọmọ lọ sí Ìkógòsì, ẹ jọ̀wọ́, ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni omi gbígbóná ibẹ̀ ti gbé ooru rẹ̀ wá, kò kan ìyípadà ojú ọjọ́ rárá.

Àwòrán béárì funfun lórí yìnyín náà tún wà, tí wọ́n ń fi owó ńlá tẹ̀ lẹ́ àwọn ògiri ilé-ìwé tí àwọn ọmọ ibẹ̀ kò rí yìnyín rí ju èyí tí ó wà nínú fíríìsà ẹlẹ́ja lọ. Béárì náà ń jìyà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wọ̀nyí ní kòkó nílé. Wọ́n mọ̀ pé bí òjò bá pọ̀ jù, kòkó a dúdú lórí igi, bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá sì gùn jù, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn a kú. Ẹ lè ti ara ìrẹsì Ìgbẹ́mọ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì ti ibẹ̀ ṣàlàyé pé oko ìrẹsì tí omi bá dúró sí a máa tú methane jáde. Ẹ lè ti inú igbó ìjọba tí ó wà ní Ìsẹ̀-Èkìtì bẹ̀rẹ̀, níbi tí ìnàkí tí òyìnbó ń pè ní chimpanzee ṣì wà, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì kò sì mọ̀ pé ó wà. Wọn kì í ta àwòrán ìwọ̀nyí, bóyá ìdí rẹ̀ nìyẹn tí kò fi wọ̀ wọ́n lójú.

Mo ti dé orí ọ̀rọ̀ igi gbígbìn báyìí. Kí ẹni tí ó bá ní iṣẹ́ lọ máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀, nítorí n kò ní tètè dákẹ́.

Ní ilé-ìwé kan tí n kò ní dárúkọ, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde gbé igi wá ní ìparí oṣù kẹwàá, nígbà tí òjò ti ń palẹ̀ mọ́. Wọ́n ta kánópì, wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wá, ìrẹsì wà nínú kúlà, àwọn àlejò pàtàkì sì wọ ìbọ̀wọ́ funfun kí erùpẹ̀ má baà kàn wọ́n lọ́wọ́. Kí n má gbàgbé: wọ́n gé igi ọdán kan tí àwọn bàbá wọn ti ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ kí ààyè lè gba kánópì náà. Ihò tí wọ́n gbẹ́ kò jìn ju abọ́ ìjẹun lọ. Wọ́n gbé igi kọ̀ọ̀kan sínú ihò tòun ti ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi tọ́ ọ, wọ́n wọ́ yẹ̀pẹ̀ bò ó, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Pátákó tí orúkọ àwọn olùfowósí wà lára rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi símẹ́ńtì rì mọ́lẹ̀ dáadáa. Nígbà tí ọyẹ́ fi dé, ewé ti rọ. Nígbà tí a fi wọlé ní oṣù kìíní, ewúrẹ́ ìyá tí ó ń ta ẹ̀wà lẹ́yìn ọgbà ti jẹ èyí tí ọyẹ́ kò rí pa. Mo fa ọ̀kan tu láti mọ ohun tí ó ṣe é. Kò gbà mí lágbára rárá: ó yọ wẹ́rẹ́ pẹ̀lú ọ̀rá rẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ ti ká yípo nínú ọ̀rá náà, kò sí ẹyọ kan tí ó jáde wọ inú ilẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún alága wọn, ó ní, "Ọ̀gá Tíṣà, ọkàn tí a fi ṣe é ni kí ẹ wò." Mo ní, "A dúpẹ́ o, sà. Ta wá ni ó yẹ kí ó máa bomi rin ín nínú oṣù kejìlá?" Wọn kò pè mí síbi ayẹyẹ wọn mọ́, n kò sì lè sọ pé ó dùn mí.

Àárín oṣù karùn-ún sí oṣù keje ni kí ẹ gbin igi ní Èkìtì, nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, kí gbòǹgbò lè rí oṣù díẹ̀ lò kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé. Ẹ gbẹ́ ihò kí ó jìn tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Ẹ fi abẹ ya ọ̀rá náà kúrò kí ẹ tó gbé igi sínú ilẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀ tú. Ẹ fi ọparun ṣọgbà yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká ní ọjọ́ náà gan-an, nítorí ewúrẹ́ kì í dúró de ìpàdé ìgbìmọ̀. Ọgbà ọparun yìí wúlò fún ohun mìíràn tí kò sẹ́ni tí ń rò ó: ọ̀tá igi tí ó burú jù nínú ọgbà ilé-ìwé ni ọmọ tí a ní kí ó gé koríko. Ó mú àdá rẹ̀ dání, inú ń bí i, gbogbo ohun tí ó bá tutù ni koríko lójú rẹ̀. Ẹ ro koríko ìdí igi kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó mú, kí iná inú igbó má baà bá a.

Ní ti irú igi, ẹ yéé ra igi ẹ̀ṣọ́ tí kò ní ibòji tí kò sì ní èso. Àgbálùmọ̀, òro, máńgòrò àti píà yóò fún àwọn ọmọ ní ohun tí wọn yóò fi ṣọ́ ọ. Afàrà àti arère dára níbi tí ilẹ̀ bá gbòòrò. Ìrókò ní kòkòrò kan tí ń ba ọ̀mùnú rẹ̀ jẹ́ bí ẹ bá gbìn ín pọ̀ sójú kan, nítorí náà ẹ fọ́n ọn ká sáàárín àwọn igi mìíràn. Igi mélòó kan tí ó yè sàn ju ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ó kú lọ, ó sì tún jẹ́ ẹ̀kọ́: ní ọdọọdún, kí kíláàsì kan náà fi okùn wọn ara igi wọn yíká níbi tí ó ga tó mítà 1.3 sílẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n igi tí ó ti gbẹ ni carbon tí igi fà láti inú carbon dioxide afẹ́fẹ́, nítorí náà ọmọ tí ó bá rí i pé igi òun ti sanra yóò mọ ibi tí díẹ̀ nínú carbon inú afẹ́fẹ́ lọ. Yóò tún mọ ohun tí a pàdánù lára igi ọdán ọjọ́ náà.

Ẹ̀rọ ìwọ̀n ojú ọjọ́ olówó ńlá tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun: bátìrì rẹ̀ a kú, kò sí ẹni tí yóò tún un ṣe, ó di ohun tí à ń nu eruku rẹ̀ nígbà tí àwọn aláyẹ̀wò ilé-ìwé bá ń bọ̀. Ìgò ọ̀rá tí ara rẹ̀ gún régé tó láti wọn òjò. Ẹ gé orí rẹ̀, ẹ dojú rẹ̀ dé bí àrọ, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má gbé e ṣubú, ẹ bu omi sí i títí dé ibi tí ara ìgò ti tọ́, kí ẹ sì pe ibẹ̀ ní òdo. Ẹ lẹ rúlà mọ́ ọn lára. Ẹ gbé e sí gbangba, kì í ṣe sábẹ́ òrùlé tàbí ìdí máńgòrò bí mo ti ń rí i. Aago kan náà ni kí wọ́n máa kà á láràárọ̀, kí wọ́n sì da omi náà padà sí òdo. Ọmọbìnrin kan ní SS1 wa bá akọ̀wé kíláàsì jà nítorí pé ó fi ààyè sílẹ̀ lófìfo ní ọjọ́ tí òjò kò rọ̀. Ó ní kí ó kọ òdo síbẹ̀, nítorí ààyè òfìfo lè jẹ́ pé wọn kò kà á. Bí ẹ bá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì, ẹ fà á mọ́ra.

Inú ìwé òjò yẹn ni ìṣirò ti ń jáde. Mìlímítà kan òjò lórí mítà kan níbùú lóròó jẹ́ lítà omi kan. Òrùlé kíláàsì tí ó jẹ́ mítà 20 ní mítà 8 yóò gba lítà 1,600 bí òjò mìlímítà 10 bá rọ̀, èyí tí ó tó kẹ́ẹ̀gì onílítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n 64, bí gọ́tà etí òrùlé kò bá jò. Àwọn ilé-ìwé tí wọ́n ń rán ọmọ lọ pọnmi ní odò láàárọ̀ ni òrùlé wọn ń da èyí sílẹ̀ gbàràgbàrà. Iye tí wọ́n fi ra ẹ̀rọ òkè òkun yẹn ìbá ti ra gọ́tà àti táńkì.

Ẹ má ṣe máa dá àwọn ọmọ lẹ́bi. Mo ti gbọ́ tí olùkọ́ kan ń sọ fún ọmọ àgbẹ̀ pé igi ìdáná ìyá rẹ̀ ni ó ń ba ayé jẹ́, orí ọmọ náà sì wálẹ̀. Gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà pátá kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́rin lọ nínú ọgọ́rùn-ún gáàsì carbon dioxide tí ayé ń tú jáde lọ́dún. Bí ẹ bá ń wá ẹni tí ẹ ó bi léèrè ní Nàìjíríà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń sun gáàsì níbi kànga epo, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ SS ka òfin ìyípadà ojú ọjọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2021 fúnra wọn, kí wọ́n wo ohun tí ìjọba ṣèlérí àti ẹni tí yóò mú un ṣẹ. Ọ̀rọ̀ igi ìdáná wà, ti èéfín inú ilé-ìdáná tí ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ ni kí ẹ fi sọ ọ́.

Ẹ má ṣe tan jẹnẹrétọ̀ nítorí àwòrán tí ẹ fẹ́ fi ẹ̀rọ tàn sára ògiri, tí pátákó àti ṣọ́ọ̀kì lè yà.

Ẹ má ṣe fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ àyíká tí ń pàdé lẹ́yìn ilé-ìwé. Olùkọ́ ìṣirò, ti ágíríìkì àti ti Yorùbá náà ní ipa tiwọn.

Ohun tí ó kù ni ìsinmi. Láti ìparí oṣù keje títí di oṣù kẹsàn-án, kò sí ọmọ ní ọgbà, òjò sì ń rọ̀ nínú apá kan rẹ̀, ibẹ̀ ni ìwé òjò ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ti máa ń já. Ẹ wá ọmọ méjì tí ilé wọn kò jìnnà, ẹ bá òbí wọn sọ ọ́, ẹ kọ orúkọ wọn sí ojú ìwé àkọ́kọ́, kí ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ ọgbà sọ́wọ́ mégàdí pẹ̀lú ohun tí ẹ ó fún un. Nígbà tí SS3 bá ń lọ, kí wọ́n gbé ìwé náà lé SS2 lọ́wọ́ níṣojú ọ̀gá ilé-ìwé, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i.