Fọ́ọ̀mù JAMB Nìkan Kò Gbé Ọmọ Dé Yunifásítì: Àṣìṣe Ẹ̀yin Olóore

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń fi owó ran ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ lẹ́nu ẹ̀kọ́, ẹ má bínú sí mi. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, ojú mi ni owó yín ń gbà kọjá. Ẹ ń náwó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìnákúnàá ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó sì ti sú mi láti máa kùn ún sínú.

Àkọ́kọ́, ìwé nóòtù tó ní àwòrán yín lẹ́yìn. Ọmọ fẹ́ ṣe ìṣirò, ẹ ń rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé e.

Èkejì, ẹ má kọ́ kíláàsì láìbá SUBEB, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀ yín, sọ̀rọ̀. SUBEB ló ń gba tíṣà sí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, kì í ṣe ọ̀gá ilé ìwé, kì í sì í ṣe kábíyèsí. Mo mọ ilé ìwé kan tí wọ́n kọ́ kíláàsì tuntun fún, táìsì dán nílẹ̀, orúkọ olóore hàn gàdàgbà lára ògiri. Tíṣà kò fi ẹyọ kan lé sí i. Nígbà tí mo débẹ̀ kẹ́yìn, àpò àgbàdo ni wọ́n tò sínú ọ̀kan. Ẹgbẹ́ Atúnlùúṣe Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tó dá Ilesa Grammar School sílẹ̀ ní 1934 dá odidi ilé ìwé sílẹ̀. Ẹ̀yin ń dá ògiri sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kọ̀ǹpútà àlòkù láti òkè òkun sí abúlé tí kò ní iná. N ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí tó ń gbé mi nínú jù ni ti fọ́ọ̀mù JAMB. Bí ọdún bá ti yí, olóore á ra fọ́ọ̀mù fún ogójì ọmọ, wọ́n á gbé kánópì, wọ́n á pe DJ, wọ́n á to àwọn ọmọ jọ ya fọ́tò, ó parí. Ṣé ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní NIN? JAMB kì í forúkọ ẹni tí kò ní in sílẹ̀. Ta ló jókòó tì wọ́n nígbà tí wọ́n ń yan sọ́bújẹ́ẹ̀tì? Ọmọ tó fẹ́ di dókítà gbọ́dọ̀ ṣe Èdè Gẹ̀ẹ́sì, Physics, Chemistry àti Biology. Bí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ fún un bá fi Mathematics rọ́pò Biology, ọdún yẹn ti lọ nìyẹn, torí èsì JAMB kì í ré kọjá ọdún kan.

Ọmọbìnrin kan wà ládùúgbò wa tó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì. Máàkì rẹ̀ dáa. Nígbà tó ń forúkọ sílẹ̀, kò tíì ṣe WAEC, ni wọ́n bá kọ “awaiting result” síbẹ̀, ìyẹn ni pé èsì ṣì ń bọ̀. WAEC jáde, ó yege, ìyá rẹ̀ jó dé ọjà. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé wọ́n gbọ́dọ̀ gbé èsì yẹn padà lọ sí ilé ìdánwò CBT kí wọ́n fi sórí ìkànnì JAMB. Owó iṣẹ́ yẹn kò tó owó kánópì kan. Ilé ìwé wo CAPS, ìkànnì JAMB tí wọ́n fi ń gba ọmọ wọlé, wọn ò rí èsì, wọ́n mú ẹlòmíràn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, olóore kan náà tún ra fọ́ọ̀mù fún un, wọ́n tún ya fọ́tò. Èmi alátẹnumọ́ yìí ni mo di máìkì mú lọ́jọ́ náà o, àǹkárá ẹgbẹ́ sì wà lọ́rùn mi.

Ká tiẹ̀ ní wọ́n gbà á wọlé. Owó acceptance, èyí tó máa san láti fi gba àyè náà, ń dúró dè é, ó sì ní ọjọ́ tó máa kásẹ̀ ńlẹ̀. Owó àyẹ̀wò ara, owó ilé ìwé, ibi tó máa sùn, fóòmù tó máa sùn lé. Bí ẹ bá pe olóore nígbà yẹn, “Mo wà ní ìpàdé.” Bí owó yín kò bá lè gbé ju ọmọ márùn-ún dé 200 level, ẹ mú márùn-ún, kí ẹ fi àwọn yòókù sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ẹ bi àwọn ọmọbìnrin ibi tí wọ́n ń tọ̀ sí kí ẹ tó kọ́ gbọ̀ngàn fún wọn.

Àwọn kan tún wà tó máa ní, “Ṣebí ọ̀fẹ́ ni?” Lóòótọ́, ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti di ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn láti January 1955, òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ (UBE) ti 2004 sì fi kún un títí dé JSS3. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ kò ra sálúbàtà, kò ra ìwé kíkà, SS1 sí SS3 kò sì sí nínú òfin yẹn rárá. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń já sílẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ ọ̀kadà.

Ti owó fífi ránṣẹ́ náà: ẹ má san owó yunifásítì sí àkáǹtì bàbá tàbí àbúrò bàbá. Púpọ̀ nínú yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ń gba owó lórí Remita, ìkànnì ìsanwó. Ẹ gba nọ́ńbà RRR, nọ́ńbà ìsanwó tí Remita fún un, lọ́wọ́ ọmọ náà, kí ẹ fi fóònù yín san án níbi tí ẹ wà, orúkọ ọmọ ló máa wà lórí rìsíìtì. Bùọ̀dá tó bá ní kí ẹ kó kaṣì wá kóun bá yín san án, ẹ ní kó jókòó.